Búrẹ́dì Lẹ́nu Ìyá Mi

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló fẹ́ẹ̀ tú ìpàdé wa ká ní Akpro-Missérété láìpẹ́ yìí. Àwa mẹ́rin la jókòó láti ṣa ọ̀rọ̀ tí a ó kọ sára pátákó aláwòrán fún àwọn ọmọdé tó ń wá kọ́ Yorùbá lọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ Sátidé. Ewúrẹ́ kò dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Igbá kò dá a sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi náà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tí a dé orí àwòrán búrẹ́dì ni ẹnu wa kò kò mọ́.

Bàbá kan tó dàgbà jù wá lọ ní kí a kọ «àkàrà òyìnbó», nítorí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá gidi nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan ní kí a kọ «pẹ́ẹ̀n», nítorí pé pain ti èdè Faransé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ń pè é nílé, kò sì yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ tí wọn kò gbọ́ rí dẹ́rù bà wọ́n. Èmi ní kí a kọ «búrẹ́dì». Bàbá wò mí títí, ó ní: «Ṣé kí a ti Faransé jáde ní ẹnu ọ̀nà iwájú, kí a wá ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé fún Gẹ̀ẹ́sì ni?» Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìdáhùn mi gùn ju ohun tí ìpàdé lè gbà lọ, ìtìjú sì wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síbí.

Ìyá mi ta búrẹ́dì. Sákẹ́tẹ́ ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó ṣì kéré nígbà tí wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ní Agége, lẹ́bàá Èkó. Oníbúrẹ́dì ni obìnrin náà. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìka tẹ búrẹ́dì wò láti mọ ti òní yàtọ̀ sí ti àná, bí a ṣe ń fi aṣọ funfun bò ó kí ooru rẹ̀ má baà tètè jáde, àti bí a ṣe ń ṣírò owó lórí láìsí ìwé. Nígbà tó fẹ́ bàbá mi tó sì wá sí Missérété, òwò tó mọ̀ náà ló gbé wá. Ní ìdájí, bàbá mi á gun kẹ̀kẹ́ lọ gba búrẹ́dì ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Kí oòrùn tó là, ìyá mi á ti jókòó ti àtẹ rẹ̀ lẹ́bàá títì.

Búrẹ́dì tó ń tà níbí kì í ṣe irú ti Agége mọ́. Ti Agége rọ̀ bí ìrọ̀rí, ó sì ní igun mẹ́rin. Ti Àjàṣẹ́ gùn bí ọ̀pá, ẹ̀yìn rẹ̀ le, bí a bá sì dá a sí méjì yóò dún kẹ́kẹ́. Síbẹ̀ orúkọ kan náà ló ń pe méjèèjì. «Ẹ ra búrẹ́dì o! Búrẹ́dì gbígbóná rèé o!» Àwọn Ègùn tó pọ̀ jù lọ ní àdúgbò wa, àwọn Tori, àti àwa Yorùbá, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń tà.

Ọdún 1967 ni mo wọ ilé-ìwé. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi kò nílò àlàyé ohun tí à ń pè ní le signal. Fún àwọn ọ̀dọ́, n ó ṣàlàyé rẹ̀: igi pẹlẹbẹ kan ni tiwa, tí a so okùn mọ́. Ọmọ tó bá fi èdè ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé ni a ó gbé e kọ́ lọ́rùn. Yóò máa gbé e káàkiri títí yóò fi rí ọmọ mìíràn tó ṣẹ̀ bíi tirẹ̀, kí ó tó lè bọ́ ọ fún un. Báyìí ni a ṣe sọ àwa ọmọdé di ọlọ́pàá ara wa.

Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ na àwòrán kan sókè, ó béèrè ohun tó jẹ́. Mo mọ̀ ọ́n ju gbogbo kíláàsì lọ. Ìdí àtẹ rẹ̀ ni mo ti dìde wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo nawọ́, mo dìde, mo sì wí tìgboyà-tìgboyà pé: «Búrẹ́dì!» Kíláàsì hó yèè. Olùkọ́ kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó ní le pain ni orúkọ rẹ̀, pé àwọn tí kò lọ sílé-ìwé ló ń pè é bí mo ṣe pè é. Ó wá gbé igi náà kọ́ mi lọ́rùn.

Kí n tó délé, ìtìjú náà ti di ìbínú, ìbínú sì ń wá ibi tí yóò bà sí. Mo bá ìyá mi lẹ́nu òwò, oníbàárà mẹ́ta dúró níwájú rẹ̀. Bó ṣe ní kí òun polówó ni mo dá a lẹ́nu: «Ìyá, ẹ yé pè é bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe búrẹ́dì. Le pain ni. Àwọn tí kò mọ̀wé ló ń pè é ní búrẹ́dì.»

Oníbàárà kan rẹ́rìn-ín, ó ní kí ìyá mi náà pè é bí ọmọ rẹ̀ ṣe pè é. Ìyá mi gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà: p ti Faransé kò sí lẹ́nu wa. Ètè nìkan ni wọ́n fi ń pe tiwọn. Ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n lẹ́ẹ̀kan náà la fi ń pe tiwa, bó ṣe wà nínú pákó àti nínú ìpàdé. Ohun tó jáde lẹ́nu ìyá mi kò jọ ti olùkọ́, kò sì jọ ọ̀rọ̀ kankan tí a mọ̀. Àwọn oníbàárà tún rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé ojú sókè. Fún ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, kò polówó mọ́. Ó jókòó ti àtẹ rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹni tó bá fẹ́ rà á nàka sí i.

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èmi kó ẹ̀sín láti òde wá sílé.

Nígbà tí mo dé ilé-ìwé girama ní Porto-Novo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wa ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní òwúrọ̀ kan, olùkọ́ kọ bread sójú pátákó, ó sì ní kí n kà á. Mo rò pé mo mọ òfin rẹ̀. Ea inú tea, ìró i gígùn ni. Ea inú meat, i gígùn náà ni. Mo dìde, mo ní: «Bríìd.» Olùkọ́ mi orí. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé kí n gbọ́ dáadáa. Ó wá pè é.

Ẹnu mi là, n kò lè pa á dé. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló pè. Fáwẹ̀lì kan ló yọ láàárín b àti r, tó sì gé i tó gbẹ̀yìn kúrò, ṣùgbọ́n àárín ọ̀rọ̀ náà, ẹ tó ta sókè yẹn, gan-an bí mo ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́bàá títì ní Missérété láàárọ̀ kùtùkùtù ni. Mo gba òdo níbi tí ìyá mi ì bá ti gba gbogbo máàkì.

Ní Sátidé, mo lọ sílé. Mo bá a níbi tó ti ń ká aṣọ funfun rẹ̀, mo sì ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. N kò tọrọ àforíjì. N kò tí ì mọ bí ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá ṣe ń tọrọ rẹ̀. Bóyá ó gbọ́ ọ nínú ìròyìn náà. Ó ní: «Àjàní, mo ti mọ̀. Ẹni tó fi òwò yìí lé mi lọ́wọ́ náà ló fi orúkọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.» Ó mú èyí tó kù lórí àtẹ, ó dá a sí méjì, ó fún mi ní ìlàjì. Ó wá fi kún un pé: «Àti pé Yorùbá náà ni. A máa ń bù ú ni, àbí a kì í bù ú? Bù ú, kí o jẹ ẹ́.»

Mo mọ̀ pé àlàyé yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí bù, ohùn òkè ló wà lórí bú, «rẹ́dì» kò sì túmọ̀ sí nǹkan kan nínú èdè wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, n kò tún un ṣe. Mo bù ú, mo sì jẹ ẹ́.

Ìyá mi ti lọ sí ilé àgbà. Ó ti ju ogún ọdún lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí n tó jókòó ti ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá kan, irú èyí tó ń sọ orírun ọ̀rọ̀, tí mo sì wá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ohun tí mo rí nìyí.

Ní ayé àtijọ́, brēad ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ọ́, fáwẹ̀lì rẹ̀ sì gùn. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni orúkọ tí oúnjẹ yìí ń jẹ́ nígbà náà. Hlāf ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà, òun ló wá di loaf lónìí. Hlāf lọ́lá tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ àwọn ọlọ́lá fi jáde láti inú rẹ̀. Lord, tí a ń pè ní olúwa, bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí hlāfweard, ẹni tó ń ṣọ́ búrẹ́dì. Lady bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí hlǣfdīge, obìnrin tó ń po ìyẹ̀fun rẹ̀. Kí wá ni brēad fúnra rẹ̀? Àwọn onímọ̀ kan so ó mọ́ ọ̀rọ̀ tó bí brew, èyí tó jẹ mọ́ pípọn ọtí àti ohun tó ń ru tó sì ń wú. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn gbà pé ìtumọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ègé: ìrún kékeré, ohun tí a bù lára odindi. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1200, orúkọ ègé ti gba ipò orúkọ odindi.

Ohun tí a bù. Mo ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì pa ìwé náà dé. Àṣìṣe ni àlàyé ìyá mi, mo ṣì dúró lórí èyí. Kò sí okùn ìbátan kankan láàárín bù tiwa àti brēad tiwọn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu búrẹ́dì fún ènìyàn fún ogójì ọdún mọ ohun tí à ń fi búrẹ́dì ṣe, ìmọ̀ náà ló sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọ̀mọ̀wé gba ọ̀nà jíjìn dé. Ó dùn mí pé kò sí níbẹ̀ kí n sọ fún un.

Mo tún rí ìdí tí ó fi pe ọ̀rọ̀ náà dáadáa tí èmi akẹ́kọ̀ọ́ sì ṣì í pè. Lẹ́yìn ayé àtijọ́ náà, fáwẹ̀lì gígùn inú brēad kúrú lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọn kò yí bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ padà. Ìdí nìyí tí bread àti bead kò fi dún bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n lójú ìwé. Ojú ni mo fi gba ọ̀rọ̀ náà, ojú sì tàn mí jẹ. Etí ni ìyá mi fi gbà á, láti ẹnu ẹni tó fi etí gbà á ṣáájú rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí èdè wa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì méjì sún mọ́ ara wọn láìsí fáwẹ̀lì láàárín, kì í sì í fi d parí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, u wọlé sáàárín b àti r, i sì bo ìparí mọ́lẹ̀. Èé ṣe tó fi jẹ́ u? Nítorí pé ètè la pa dé láti pe b, ètè náà la sì ká jọ láti pe u. A rí i bákan náà nínú búrọ́ọ̀ṣì. Nínú bíríkì, i tó wà níwájú ló fa i bíi tirẹ̀ wá. Lẹ́yìn èyí ni ohùn dé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Àwa la wọ̀ ọ́ láṣọ: òkè, òkè, ìsàlẹ̀. Bú-rẹ́-dì. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó ṣe é. Àwọn oníṣòwò, àwọn alárùú àti àwọn ọmọdé ni ó ṣe é, láìmọ̀ pé wọ́n ń ṣe é. Bí Gẹ̀ẹ́sì kan láti Lọ́ńdọ̀nù bá jókòó ti àtẹ ìyá mi, ó lè má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé òun ni. Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún Bàbá nínú ìpàdé: búrẹ́dì kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ọ̀rọ̀ àyálò ni, ṣùgbọ́n ó ti kọ ilà ilé wa.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí tún máa ń rántí ọ̀nà tí ohun náà gbà wá. Ìyẹ̀fun àlìkámà kì í ṣe ohun tí ilẹ̀ etíkun wa ń so. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e wá. Àwọn Akan ní Gánà ń pe búrẹ́dì ní paanoo, nítorí pão ti àwọn Potogí ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn Gã ní Àkráà ń pè é ní blodo, ohùn àwọn ará Họ́lándì àti Dẹ́ńmáàkì tó kọ́ ilé olódi sétí òkun wọn ló wà nínú rẹ̀. Àwọn Hausa ní burodi, láti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi tiwa. Tiwa gba ojú ọ̀sà wá. Ní 1842, àwọn míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì dé Badagry, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Ní 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Ní 1921, ọmọ Jàmáíkà kan tó ń jẹ́ Amos Shackleford, ẹni tó ti bá iṣẹ́ rélùwéè wá sí Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Èkó, títí àwọn ènìyàn fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì. Ní tiwa, 1863 ni ọba Àjàṣẹ́ kọ́kọ́ wọ abẹ́ ààbò Faransé, àdéhùn 1889 sì fa ààlà sáàárín ilẹ̀ tí Faransé mú àti èyí tí Gẹ̀ẹ́sì mú. Wọ́n pín ilẹ̀, wọn kò rí ẹnu pín. Ìyá mi gbé ọ̀rọ̀ kan láti Agége wá sí Missérété láìsí ìwé ìrìnnà fún un.

N kò sọ èyí láti bá pain jà. Ọ̀rọ̀ ọlọ́lá ni pain náà, ọmọ panis ti èdè Látìn. Láti inú panis ni compagnon àti copain ti jáde: ẹni tí a jọ ń jẹ búrẹ́dì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn wa ní apá Faransé, ẹ rántí rẹ̀ nígbà mìíràn tí ẹ bá pe ọ̀rẹ́ yín bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi kò sí lára pain. Ẹ̀bi wà lára ẹni tó sọ pé ọ̀rọ̀ kan kò lè gbé ilé-ìwé àfi bí òmíràn bá kú nílé.

Ní ti àkàrà, Bàbá kò sọ̀rọ̀ tí kò lẹ́sẹ̀. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, àkàrà ni wọ́n fi pe búrẹ́dì níbi púpọ̀, ìwúkàrà tó ń mú un wú sì ti gba orúkọ rẹ̀ lára àkàrà. Àkàrà náà kò jẹ́ ará oko. Ó bá àwọn ẹrú sọdá òkun lọ sí Bahia ní Bràsíìlì, wọ́n sì ń tà á nígboro ibẹ̀ títí di òní ní orúkọ acarajé. Àwọn ìdílé Àgùdà ní Porto-Novo mọ ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ẹ rán ọmọ kan ní Missérété lọ ra àkàrà, kí ẹ wo ohun tí yóò gbé wá. Ẹ̀wà díndín ni, tòun ti ata. Àkàrà ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́. A kò lè fi iṣẹ́ ẹlòmíràn kún un.

Mo sọ díẹ̀ nínú èyí fún wọn nígbà tí a tún pàdé, mo sì sọ ti igi pẹlẹbẹ náà pẹ̀lú. Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun náà gbé e rí, nítorí omi tó béèrè. Olùkọ́ ọ̀dọ́ náà kò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti wà rí ní ilé-ìwé. Ó ní òun yóò bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí àwọn ìyá àgbà wọn ń pe búrẹ́dì. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin kan ní ìyá àgbà òun ń pè é ní búrẹ́dì, ó sì yára fi kún un pé òun ti sọ fún un pé kò dára bẹ́ẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Lára pátákó wa báyìí, «búrẹ́dì» wà lábẹ́ àwòrán náà ní apá Yorùbá, «le pain» sì wà ní apá Faransé, kálukú nínú ilé rẹ̀. Bàbá ní kí a fún àkàrà ní àwòrán tirẹ̀, a sì ṣe bẹ́ẹ̀. Mo pe ọmọbìnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní kí ó lọ bá ìyá àgbà rẹ̀, kí ó sọ fún un pé ó tọ̀nà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kà á, bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ìyá yín tí kò jọ ti ilé-ìwé, ẹ má ṣe tún un ṣe níwájú oníbàárà. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i. Ẹ bi í nígbà tó ṣì lè dá yín lóhùn.